Oògùn Ìsàlẹ̀ Ìgò: Èrò Òǹkàwé Kan Lórí Ìtàn-Àròsọ Ìlú Ọba

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ti mú bírò dání bí ẹni tó fẹ́ gba nóòtì. Ẹ dákun, ẹ gbé e sílẹ̀. Èmi kì í ṣe olùkọ́ lítíréṣọ̀. Apòògùn ni mí. Ọdún 36 ni mo fi dúró lẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù oògùn, tí mò ń ka ìwé ìtàn kí oníbàárà mìíràn tó wọlé. Wọ́n ní kí n wá sọ èrò mi lórí àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ ní Ìlú Ọba fún gbogbo mùtúmùwà: ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìwé amí, ìwé ìfẹ́, ìwé iwin. Èrò tèmi nìkan lẹ ó gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó dúró dè mí nídìí tábìlì ìpanu.

Bí mo bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun kan ni mo kọ́kọ́ máa ń wá: ṣé ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Gbólóhùn rẹ̀ ì báà dùn bí oyin, bí kò bá mọ̀ ọ́n, ara mi kì í gbà á. Òṣùwọ̀n tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n ó sì jẹ́wọ́ méjèèjì fún yín kí n tó jókòó.

Ìkíní ni James Hadley Chase. Ẹni tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ yìí láyé ìgbà tiwa, tó wá ní òun ò ka Chase rí, á jẹ́ pé ọmọ pásítọ̀ ni. Ọmọ pásítọ̀ náà gan-an ló sì yá mi ní tèmi. Ìwé ìròyìn la fi ń bo ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí àwòrán obìnrin tó wọ aṣọ péńpé tí wọ́n máa ń yà síbẹ̀. Abẹ́ aṣọ ìbora la ti ń fi tọ́ọ̀ṣì kà á lẹ́yìn tí wọ́n bá ti paná. Ìwé kan ṣoṣo á gba ọwọ́ ogójì ọmọ kọjá, títí ojú ewé á fi máa já bọ́. Nígbà tí èyí tí mo kọ́kọ́ kà fi máa kàn mí, ojú ewé mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ti lọ. Mo wá ń bi àwọn tó ti kà á ṣáájú mi léèrè bó ṣe parí. Ọmọ mẹ́rin ló sọ ọ́ fún mi, ìparí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbọ́, kálukú sì ń búra pé tòun ló jóòótọ́. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ ná.

Gbogbo wa la gbà pé ará Amẹ́ríkà ni ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti pinnu pé bí òun bá dé Amẹ́ríkà, Paradise City lòun máa gbé. Ta ni ì bá sọ fún un pé kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Florida? Chase ló fi orí ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó. René Raymond lorúkọ rẹ̀ gan-an, London ni wọ́n bí i sí ní 1906, ó sì ti fìgbà kan kiri ìwé tà láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tó kọ No Orchids for Miss Blandish, tó jáde ní 1939, máàpù àti ìwé atúmọ̀ ẹnà àwọn jàǹdùkú Amẹ́ríkà ló gbé síwájú. Ìwọ̀nba ìbẹ̀wò ráńpẹ́ ló ṣe sí Amẹ́ríkà ní gbogbo ayé rẹ̀. Àwa ọmọ Iléṣà wá ń kọ́ Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ Amẹ́ríkà.

George Orwell kọ àròkọ kan lórí ìwé yẹn ní 1944. Ó gbà pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣòfò nínú rẹ̀, ó sì bínú sí i pé ìkà àti ẹ̀mí ẹni-tó-lágbára-ló-jàre ló kún inú rẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ méjèèjì. Obìnrin inú ìwé Chase, bí kò bá jẹ́ ẹran ìjẹ, á jẹ́ ejò. Síbẹ̀, ọkùnrin náà mọ eré í sá. Ojú ewé kìíní, ọkùnrin kan ń wá owó. Ojú ewé kẹwàá, ó ti rí owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Ojú ewé ogún, òkú ti wà nínú bùútù mọ́tò. Mi ò tíì rí òǹkọ̀wé tó kìlọ̀ fún ọmọ ènìyàn nípa ojúkòkòrò tó bẹ́ẹ̀ láìwàásù. Kò mọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí gbèsè ń fi ojú ènìyàn rí.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Agatha Christie, ọmọ Torquay, ìlú etíkun kan ní Devon, tí wọ́n bí ní 1890. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ó tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń po oògùn. Ó jókòó ṣe ìdánwò apòògùn, ó sì yege ní 1917. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti fọwọ́ sọ̀yà fún un pé kò lè kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Láàárín ìgò májèlé àti òṣùwọ̀n ló ti ro ìtàn The Mysterious Affair at Styles jáde. Ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1920, ní Ìlú Ọba ní 1921, lẹ́yìn tí àwọn atẹ̀wé kan ti kọ́kọ́ dá a padà. Lójú tèmi, ìyìn tó tóbi jù tí ìwé náà rí gbà ni èyí tó ti inú ìwé ìròyìn àwa apòògùn wá, tí wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ mọ oògùn ní tòótọ́.

Ẹ wo ara ìgò oògùn olómi yín nílé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ gbò ó dáadáa kí ẹ tó lò ó. Ọjọ́ ayé mi ni mo fi sọ ọ́ fún oníbàárà, wọn ò gbọ́; wọ́n á ní, “Ẹ̀yin mọ́mì oníkẹ́mísì yìí, ariwo yín ti pọ̀ jù.” Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé oògùn mìíràn máa ń silẹ̀ bíi gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ ògì. Bí o kò bá gbò ó, omi lásán lo ó máa mu níbẹ̀rẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ á sì kó jọ sínú ṣíbí tó kẹ́yìn. Ẹni tó pa ìyá arúgbó inú ìwé Christie yẹn mọ èyí. Kò wọlé lóru, kò gbé ọ̀bẹ. Oògùn tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ ń mu lójoojúmọ́ ló fi pa á, ó kàn jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ìgò ṣe iṣẹ́ tó kù. Mi ò ní sọ ẹni náà fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kà á débẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi dìde. Oníbàárà tó wọlé bi mí bóyá ara mi yá.

Ní 1961 ó tún kọ The Pale Horse, ó sì fi májèlé kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thallium, èyí tó ń mú kí irun orí ènìyàn máa ré. Ní 1977, wọ́n gbé ọmọ kékeré kan láti Qatar wá sí ilé ìwòsàn ní London. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò mọ ohun tó ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ka ìwé yẹn lọ́wọ́ ló rí irun ọmọ náà, tó ní, “Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún thallium.” Òun náà ni, wọ́n sì rí ọmọ náà wò sàn. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé ìwé fàájì ni mò ń kà lásìkò iṣẹ́, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún un.

Nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ràn lára ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìgbà yẹn. Ní 1930 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Detection Club sílẹ̀, Christie sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá máa wọ ẹgbẹ́, wọ́n á mú un búra pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ òun kò ní fi ìṣípayá láti ọ̀run, tàbí àfọ̀ṣẹ, tàbí kòńgẹ́ rí ọ̀daràn mú. Ẹ gbọ́ ná: bí wọ́n bá pa ọmọ ọba lóru nínú ìtàn àtijọ́ tiwa, ilé ta ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ lọ béèrè? Ilé babaláwo ni. Ìbúra yìí lé ọ̀pẹ̀lẹ̀ jáde kúrò nínú ìwé pátápátá! Àdéhùn ni, pé ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí, òǹkàwé náà á rí i. Bí o kò bá wá rí ọ̀daràn, orí tìrẹ ni kò ṣiṣẹ́. Kọ́lá Akínladé mọ àdéhùn yìí dunjú nígbà tó ń kọ ìwé Akin Olúṣínà rẹ̀ lédè Yorùbá. Akin kì í dífá. Ìbéèrè ló ń bi ènìyàn títí irọ́ á fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má rò pé mi ò rí àléébù Christie. Ọmọ ọ̀dọ̀ inú ìwé rẹ̀ kì í sábà gbọ́n. Á la ẹnu sílẹ̀, á gbé tíì wá, á sunkún, ó tán. Mo mọ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn ló mọ àṣírí gbogbo ilé. Ìwé rẹ̀ ti 1939 tí a mọ̀ sí And Then There Were None lónìí, ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ló wà nínú àkọlé rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ó di nǹkan bí 1985 kí wọ́n tó jáwọ́ nínú rẹ̀ tán. Ó dùn mí, nítorí pé nínú gbogbo ìwé rẹ̀, ìyẹn ló le jù láti já okùn rẹ̀.

Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé, ńkọ́? Dókítà ni Arthur Conan Doyle tó kọ ọ́, olùkọ́ rẹ̀ ní Edinburgh, Joseph Bell, tó ń wo aláìsàn lójú lásán tó ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ló sì wò ṣe é. Ó pa Holmes ní 1893 nítorí pé ó ti sú u. Àwọn òǹkàwé kò gbà, ó sì jí i dìde ní 1903. Ìtàn kéékèèké 56 ló kọ nípa rẹ̀ àti ìwé ńlá mẹ́rin. Ìtàn kéékèèké ni kẹ́ ẹ kà. Nínú ìwé ńlá, ó máa ń sọ okùn nù.

Ó kan àwọn amí. Ian Fleming ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì, nítorí náà kò ṣàìmọ ohun tó ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó sí Jàmáíkà láti kọ Casino Royale, àlá ló yàn láti kọ. Kódà orúkọ James Bond, amí inú ìwé rẹ̀, ara ìwé ẹyẹ kan ló ti mú un. Orúkọ ọ̀mọ̀wé tó kọ ìwé ẹyẹ náà ni. Casino Royale jáde ní 1953, káàdì tí ìjọba fi ń pín oúnjẹ ní ìwọ̀nba ni wọ́n ṣì fi ń ra ẹran ní Ìlú Ọba nígbà náà. Ó di 1954 kí ìyẹn tó dópin. Ẹ wá fojú inú wo akọ̀wé kan nínú otútù Manchester, tó ń kà nípa ọkùnrin tó ń fi ṣaḿpéènì wọ oúnjẹ sọ́nà ọ̀fun. Kò lè ṣe kó má rà á. Mẹ́rin ni mo kà, ó sú mi. Ọ̀nà tó gbà ń wo obìnrin àti aláwọ̀ dúdú kò jẹ́ kí n ka ẹ̀karùn-ún.

John le Carré ni tèmi. David Cornwell lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ amí ló wà ní Jámánì nígbà tó ń kọ The Spy Who Came in from the Cold, tó jáde ní 1963, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n mọ ògiri Berlin. Wọn ò gbà kó fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ ìwé. Amí tirẹ̀ kì í fò láti orí òrùlé. Fáìlì ni, tíì tó ti tutù ni, ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ tó sì ti tà ọ́ láti àárọ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ kà á. Ẹ ó mọ gbogbo wọn lójú.

Frederick Forsyth tó kú ní 2025 kan àwa ọmọ ilẹ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. BBC ló rán an wá síbí nígbà ogun abẹ́lé. Òun àti wọn kò gbọ́ra wọn yé, ó kúrò níbẹ̀, ó sì padà fúnra rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn Biafra. Ó kọ ìwé lórí ogun náà ní 1969. Ẹ̀yìn Òjukwu ló wà, kò sì fi pamọ́. Ẹni tó bá ń ka ìwé yẹn kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà sílé láìsí owó lápò, ó fi ọjọ́ 35 kọ The Day of the Jackal, nípa ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti pa De Gaulle, olórí ilẹ̀ Faransé. Àwọn atẹ̀wé ní ta ló máa ra irú rẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò pa De Gaulle? Ó jáde ní 1971, ọwọ́ òǹkàwé sì ń gbọ̀n. Iṣẹ́ oníròyìn ni idán tó pa: ó sọ bí wọ́n ṣe ń gba ìwé ìrìnnà pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó ti kú, ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbọn, ní ìṣísẹ̀-ntẹ̀lé, títí o fi gbàgbé pé o mọ òpin ìtàn.

Ibí yìí ni ìjákulẹ̀ kejì wà. Rider Haggard tó kọ King Solomon's Mines ní 1885 kò jókòó sí London wo máàpù. Ọmọ ọdún 19 ló wà nígbà tó dé gúúsù Áfíríkà, ó sì lo ọdún mélòó kan níbẹ̀. Edgar Wallace náà ṣe sójà àti oníròyìn lọ́hùn-ún, ó dé Kóńgò ní 1907, kó tó kọ Sanders of the River ní 1911. Ohun tó kọ nípa wa níbẹ̀ kò ju pé ọmọdé ni wá, tí ọ̀gá òyìnbó kan gbọ́dọ̀ máa fi pàṣán àti okùn ìso tọ́. Àwọn méjèèjì débẹ̀. Àwọn baba wa ní àlejò ní ojú, kò fi ríran. Òṣùwọ̀n mi ṣẹ́ lórí wọn: Chase kò dé Amẹ́ríkà rárá nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo gbà á gbọ́; àwọn yìí dé Áfíríkà, mi ò rí ènìyàn kan ṣoṣo níbẹ̀ tó jọ ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá mi. Bóyá mímọ ìlú kọ́ ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe mímọ ohun tí ojú ọmọ aráyé ń rí. Mo ṣì ń rò ó.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tíì dìde, ìwé ìfẹ́ ló kàn. 1908 ni Mills & Boon bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìfẹ́ ni wọ́n, a sì ń ka ìwé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chase nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Dókítà tó ń kanra á pàdé nọ́ọ̀sì tí kò lẹ́nìkan. Ó di ojú ewé igba kó tó gbà pé òun fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, pé a ti mọ òpin rẹ̀. Ìgbà wo ni Ìjàpá ṣẹ́gun nínú àlọ́ tí ojú kò tì í gbẹ̀yìn? Ṣebí àwa náà la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ń jókòó gbọ́ ọ, a sì ń gbe orin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yin Forsyth pé ó pa ìtàn tí a mọ òpin rẹ̀, kí ló dé tó fi di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin? Ohun tí mo kórìíra nínú wọn ni ọkùnrin tó ń jágbe mọ́ obìnrin tí wọ́n pè é ní ìfẹ́. Mo rí irú ìfẹ́ yẹn lẹ́yìn káńtà. Bándéèjì ni mo máa ń tà fún un.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ ní London tí mo lọ bá a wẹ ọmọ, láíbìrì àdúgbò ni mo ń sá lọ bí ọmọ bá ti sùn. Ibẹ̀ ni mo ti bá Catherine Cookson pàdé. South Shields, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní 1906, ìyá rẹ̀ kò ní ọkọ, ìtìjú sì mú kí wọ́n tọ́ ọ bí ẹni pé ìyá-ìyá rẹ̀ ló bí i, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ níbi ìfọṣọ ilé tí wọ́n ń kó aláìní sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí òǹkọ̀wé tí wọ́n ń yá ìwé rẹ̀ tó tirẹ̀ ní àwọn láíbìrì ìjọba Ìlú Ọba. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kì í dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òùngbẹ, ebi, ọmùtí bàbá, ọmọbìnrin tó lóyún tí wọ́n lé síta: èmi ò rí òyìnbó tó kọ òṣì bẹ́ẹ̀ rí láìfi ṣẹ̀sín. Kò sọ pé òṣì ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Ó kàn ní ó ń run imú.

Ìwé iwin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu mi. Tolkien tó kọ The Hobbit ní 1937, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ní Oxford, ó sì hàn. Orin inú ìwé rẹ̀ ni mo máa ń fò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1938, ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde, olùkọ́ náà ni òun. Àwọn méjèèjì kò mọra wọn, wọ́n sì rán ọkùnrin kan kúrò nílé láti lọ fojú rí màbo kó tó padà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ wá Tade Thompson kà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London. Dókítà àwọn tó ní àrùn ọpọlọ ni. Rosewater rẹ̀, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, Nàìjíríà ọdún 2066 ló gbé e sí. Mo kà á pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń fọ́.

Mo ní kẹ́ ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Ní Peckham, ní ìrìn ìwẹ̀-ọmọ yẹn náà, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan láti ra kóòtù. Nínú páálí ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, Chase ìgbà èwe mi ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, èyí tí ojú ewé mẹ́fà rẹ̀ já. 50 pence. Gbogbo ojú ewé ló pé. Ìdúró ni mo dúró kà á parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà. Kò jọ ọ̀kankan nínú ìparí mẹ́rin tí wọ́n sọ fún mi, kò sì dára tó ti Bọ́lá. Ti Bọ́lá, obìnrin náà ló gbé owó lọ, ó ra ilé sí etí òkun, ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá lọ́dọọdún. Mo pe Bọ́lá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní òun ló yẹ kó kọ ìwé yẹn. Ó ní òun ò mọ èwo ni mò ń sọ, pé òun ò ka Chase rí láyé òun.